Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ di dúlà, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti ẹni tó ń rọbí

Dúlà ni ẹni tó máa ń dúró ti aboyún nígbà tó bá ń rọbí, tó ń fọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ìbéèrè táwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣiṣẹ́ dúlà máa ń bi mi jù ni pé, "Mi ò tíì wà níbi tí wọ́n ti ń bímọ rí, ta ló máa wá gbà mí?" Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n lọ yọ̀ǹda ara wọn, kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fúngbà díẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló kàn ń ka iye ìbímọ tójú wọn ti rí kí sẹ́tífíkéètì lè tètè jáde, ìyẹn sì máa ń dùn mí, torí ohun tẹ́ ẹ ń lọ kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dúró ti èèyàn láì gba ìbímọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Obìnrin tí mo kọ́kọ́ dúró tì, oyún àkọ́kọ́ ẹ̀ ni, mo ti ka ìwé dáadáa kí n tó lọ, mo wá ń sọ̀rọ̀ ṣáá, "ẹ mí sínú, ẹ mí síta, ẹ ń gbìyànjú, ó ti fẹ́ tán". Bí ìrora kan ṣe lọ sílẹ̀ báyìí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákẹ́, ẹ ṣá bá mi tẹ ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn." Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń sọ, níbi eegun pẹlẹbẹ tó wà lókè ìdí. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo fi ara tì í, kì í ṣe pé à ń wọ́ ọ o, títẹ̀ ni, kí ìrora tó dé góńgó ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní yọwọ́ àfìgbà tó bá rọlẹ̀. A ṣe é fún bíi wákàtí mẹ́rin, mi ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Dídúró tì yẹn gan-an niṣẹ́ wa. Lọ́dún 2017, Cochrane, ìyẹn àjọ tó máa ń kó ìwádìí nípa ìlera jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kó ìwádìí 26 jọ, obìnrin tó lé ní 15,000 ló wà nínú ẹ̀, láti orílẹ̀-èdè 17, wọ́n rí i pé àwọn tẹ́nì kan ò kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà ìrọbí máa ń fúnra wọn bí jù, iṣẹ́ abẹ ń dín kù, ìrọbí náà sì máa ń yá díẹ̀ sí i. Torí náà ẹ wo àkókò yín kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé látìgbà tẹ́nu ilé ọmọ bá ti ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 5 títí táá fi ṣí tán, ìrọbí ẹni tó ń bímọ àkọ́kọ́ kì í sábà ju wákàtí 12 lọ, àmọ́ èyí tó ṣáájú ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá a dá gbèdéke.

Níbo lẹ máa lọ? Àwọn ọsibítù kan ní ètò dúlà ọlọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ń tẹ̀ lé àwọn aboyún tí ò lẹ́nì kankan, àwọn ogúnléndé, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, kódà àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, irú Birth Companions nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1996 pẹ̀lú àwọn obìnrin tó wà lẹ́wọ̀n Holloway. Ẹ sì lè tẹ̀ lé dúlà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa ran àwọn tó ti bímọ lọ́wọ́ nílé.

Ibikíbi tó bá jẹ́, ẹ bi wọ́n pé ta ni mo máa pè tí nǹkan bá rú mi lójú ní aago méjì òru, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi tó bá rẹ̀ mí, abẹ́rẹ́ àjẹsára wo lẹ fẹ́ kí n ti gbà, ta ni mo máa jókòó bá sọ ohun tójú mi rí lẹ́yìn náà. Ẹlòmíì á gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, á wá rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ lóun nìkan láì fún un ní kọ́bọ̀. Wọ́n ṣe é fún mi rí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún yín. Ẹ má gbà á.

Ẹ rántí pé dúlà kì í ṣe agbẹ̀bí o. A kì í yẹ ẹnu ilé ọmọ wò, a kì í gbẹ̀bí, a kì í sọ fún ìyá pé kó gba abẹ́rẹ́ tàbí kó má gbà á. Tí dókítà bá sọ nǹkan tójú ìyá wá yí padà, ẹ rọra bi ìyá pé, "Ṣé ó yé yín? Ṣé ẹ fẹ́ bi wọ́n ní nǹkan kan?" Ẹnu tiẹ̀ ló máa fi béèrè. Ẹ sì ti sọ fún un ṣáájú pé ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni, pé tó bá ní kẹ́ ẹ jáde, ẹ máa jáde láì bínú. Fọ́tò ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ sí lórí fóònù yín.

Tí ìyá bá ti bímọ, tó ti sinmi díẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà lọ kí i. Tí ìbànújẹ́ ẹ̀ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ò lọ, ẹ ní kó rí dókítà, tó bá ń sọ pé òun fẹ́ ṣe ara òun tàbí ọmọ léṣe, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ wá ìrànlọ́wọ́. Tára ẹ̀ bá sì yá, ẹ bi í ohun tó ràn án lọ́wọ́ àtohun tó dà á láàmú. Obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn sọ fún mi pé pafúùmù tí mo fín lọ́jọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí èébì máa gbé òun. Látìgbà náà, ọṣẹ tí ò ní òórùn ni mo fi ń wẹ̀ kí n tó lọ.