Jíìnì Kan, Ẹ́ńsáìmù Púpọ̀: Ohun Tí Èsì Àyẹ̀wò Kì Í Sọ

Àwọn tó ń mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá fún àlàyé sábà máa ń bi mí pé: "ALP mi ga. Ṣé ẹ̀dọ̀ mi ló ti ń bàjẹ́?" Ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, ó sì lè jẹ́ egungun. Ẹ́ńsáìmù ni ALP, ìyẹn èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yára. Jíìnì (ìtọ́ni inú DNA tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé) kan náà, ALPL lorúkọ rẹ̀, ni ẹ̀dọ̀, egungun àti kíndìnrín jọ ń lò láti ṣe ẹ́ńsáìmù yìí. Àpapọ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Kò lè sọ ibi tó ti wá.

Ṣúgà ló fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ẹ́ńsáìmù náà tán, á tún so ẹ̀ka ṣúgà mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń so tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti egungun. ALP ọmọ tó ń dàgbà máa ń ga ju ti àgbà lọ nítorí pé egungun rẹ̀ ṣì ń gùn. Bí ọ̀rọ̀ bá rú wa lójú, a ó yẹ GGT, ẹ́ńsáìmù mìíràn, wò mọ́ ọn, torí egungun kì í tú GGT sínú ẹ̀jẹ̀. Bí méjèèjì bá jọ ga, ẹ̀dọ̀ tàbí ọ̀nà òróòro ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. (Ti aboyún yàtọ̀ o: jíìnì mìíràn ni ibi ọmọ ń lò fún ALP tirẹ̀.)

Àmọ́ ìyàtọ̀ lè ti wọlé kí ẹ́ńsáìmù tó délẹ̀ rárá. Sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ da jíìnì kọ sí RNA, ìyẹn ẹ̀dà tó máa ń kà láti ṣe ẹ́ńsáìmù, á gé àwọn apá kan dànù, á sì so ìyókù pọ̀. Ọdún 1977 ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, ti Phillip Sharp àti ti Richard Roberts fi èyí hàn, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1993. Exon là ń pe àwọn apá tí sẹ́ẹ̀lì ń so pọ̀. Nínú jíìnì PKM, tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní pyruvate kinase, sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú exon 9 àti exon 10. Kì í mú méjèèjì pọ̀. Bó bá mú 9, PKM1 ni yóò ṣe, èyí tí iṣan àti ọpọlọ àgbàlagbà ń lò láti fi rí agbára látinú gúlúkóòsì. Bó bá mú 10, PKM2 ni. PKM1 kì í sinmi, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì lè dẹ iṣẹ́ PKM2 wọlẹ̀ tàbí kó mú un yára bó ṣe fẹ́. Ọmọ inú oyún ń lò ó, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ń lò ó. Àwọn kan ti wá ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ́ńsáìmù jẹjẹrẹ ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara tó dá ṣáṣá ló ń lo PKM2.

Èyí tó kan aláìsàn jù ni PKLR, jíìnì kejì tó ń ṣe irú ẹ́ńsáìmù yìí kan náà. Ibi méjì ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ẹ̀dọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbì kan, sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ pupa ń bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Bí jíìnì yìí bá ní àbùkù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa á máa fọ́ ṣáájú àsìkò, àìtó ẹ̀jẹ̀ á dé, ẹyinjú sì lè di àwọ̀ ìyeyè. Kí ló dé tí ìyà náà fi pọ̀ sórí ẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ jíìnì kan náà ni ẹ̀dọ̀ ń lò? Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ṣì ní DNA rẹ̀, ó lè máa ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbó kò ní DNA mọ́. Èyí tó bá gbé wọnú ẹ̀jẹ̀ ni yóò lò fún nǹkan bí 120 ọjọ́, kò sì ní ọ̀nà mìíràn láti rí agbára.

Ibí yìí ni àyẹ̀wò ti máa ń tan èèyàn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ń lo ti PKM, kò sì ní àbùkù. Bí wọn ò bá yọ ọ́ kúrò dáadáa kí wọ́n tó wọn ẹ́ńsáìmù, èsì lè jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bákan náà ni bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí aláìsàn lára. Bí dókítà bá fura sí àìsàn yìí, tí ilé àyẹ̀wò sì ní kò sí i, ẹ béèrè ohun méjèèjì yìí lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè ka jíìnì PKLR fúnra rẹ̀.