Ohun Tí Irúgbìn àti Ajílẹ̀ Ń Fi Sínú Ìrẹsì

Irúgbìn ló ń pààlà ibi tí oore inú ìrẹsì lè dé. Ajílẹ̀ kàn ń sún un síwájú tàbí sẹ́yìn láàárín ààlà yẹn ni.

Prótíìnì ni ajílẹ̀ ti lágbára jù. Náítírójìn ni ewéko fi ń ṣe prótíìnì, nítorí náà yùríà, ajílẹ̀ tó ní náítírójìn, lè fi kún un, àmọ́ àsìkò tí a fi í sí oko ló ṣe kókó. Èyí tí a fi nígbà tí ìrẹsì ṣì ń bí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń lọ sínú ewé àti igi rẹ̀, ìkórè á sì pọ̀. Èyí tí a fi nígbà tí ṣírí ń yọ ló ń wọ inú hóró jù. Ìrẹsì funfun sábà máa ń ní prótíìnì tó tó 6 sí 8 nínú 100. Bí ó bá ti ń lé sí i, hóró kì í tètè fọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń bó o, ṣùgbọ́n ìrẹsì náà á le lẹ́yìn sísè, kò ní lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ Japan fi ń ṣọ́ náítírójìn ìparí lò: àwọn oníbàárà wọn fẹ́ èyí tó rọ̀. Ẹni tó bá sì da yùríà lé e láìníwọ̀n, ìrẹsì rẹ̀ lè wó lulẹ̀ kó tó gbó.

Ti sítáàṣì yàtọ̀. Irúgbìn ló ń pinnu ìwọ̀n amylose, ìyẹn oríṣi sítáàṣì kan, ajílẹ̀ kò rí i ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì alálẹ̀mọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní amylose rárá. Ti àwọn irúgbìn mìíràn kan ju 25 nínú 100 sítáàṣì rẹ̀ lọ. Èyí tó ní in púpọ̀ kì í sábà tètè dà nínú, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fò sókè kíákíá.

Síńkì, èròjà kan tí ara nílò, ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, pàápàá bí a bá fọ́n ọn sára ewé lẹ́yìn tí ìrẹsì ti tanná. Èròjà irin lolórí kunkun: a lè fọ́n ọn títí, díẹ̀ ló ń dénú hóró. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀ jù tún ń bí phytate, èròjà inú hóró tó ń di síńkì àti irin mú kí ara má lè fà wọ́n.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ̀rọ ṣì ń dúró. Awọ pupa ara hóró ni irin pọ̀ sí jù, ẹ̀rọ sì ń bó o dànù. Síńkì wọnú jù ú lọ, ló fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì máa ń kù nínú ìrẹsì funfun.