Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe ń yọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ní cystic fibrosis lẹ́nu

Kò sí ẹni tó ń mí tí kì í fa Aspergillus símú. Inú ilẹ̀, ewé tó ń jẹrà àti koríko gbígbẹ tó ti bu ni fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí ń gbé, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, fífẹ̀ irúgbìn ọ̀hún kò ju bíi mẹ́ta lára rẹ̀, ìyẹn ló fi ń ré imú kọjá wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, irun wẹ́wẹ́ inú ọ̀nà èémí á ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó gbé e jáde, sẹ́ẹ̀lì funfun á jẹ ìyókù run.

Lára ẹni tó ní cystic fibrosis, iṣẹ́ irun wẹ́wẹ́ yìí ló kọ́kọ́ dẹnu kọlẹ̀. Bíi sickle cell, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá méjèèjì lọmọ ti ń jogún àìsàn yìí, àmọ́ àárín àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù ló ti wọ́pọ̀ jù. Jíìnì CFTR, tí wọ́n ṣàwárí lọ́dún 1989, ló ń mú kí iyọ̀ àti omi máa gba ara sẹ́ẹ̀lì kọjá. Tí kò bá ṣiṣẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á ki, á lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí, irúgbìn tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á sì ríbi hù.

Rírí fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò tíì sọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ó sì yẹ kí ìdílé tọ́rọ̀ kàn mọ èyí dáadáa. Ó lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ó lè mú kí ọ̀nà èémí wú. Èyí tó le ni àìsàn ABPA (allergic bronchopulmonary aspergillosis), tí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe lọ́dún 1952. Nínú ABPA, fọ́ńgọ́ọ̀sì kọ́ ló ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ìjà tí ara ń bá a jà ló kọjá ààlà. IgE, èròjà tí ara fi ń bá ohun àjèjì jà, á ròkè nínú ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ á dí ihò èémí, èémí á máa dún bíi ti ẹni tó ní asthma. Bí ó bá pẹ́, ihò èémí á fẹ̀ sódì, kò sì ní padà sípò mọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé cystic fibrosis fúnra rẹ̀ ń fa ikọ́ àti irú èémí tó ń dún bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, dókítà kì í gbára lé àmì kan ṣoṣo. Tí oògùn bakitéríà kò bá ran ikọ́ náà, tí IgE sì tó 500 IU/mL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fura, wọ́n á tún wo àyẹ̀wò awọ ara àti àwòrán àyà.

Prednisolone ni wọ́n fi ń pẹ̀tù sí ìjà ara. Kì í pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, ó sì lè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ àtọ̀gbẹ ti ń dọdẹ àwọn aláìsàn yìí tẹ́lẹ̀. Itraconazole ló ń dín fọ́ńgọ́ọ̀sì kù. Àmọ́ ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti fọ́ àwọn oògùn tó ń tún iṣẹ́ CFTR ṣe, bíi Trikafta tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2019. Bí wọ́n bá ń lo méjèèjì pọ̀, dókítà gbọ́dọ̀ dín ìwọ̀n Trikafta kù.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ Scedosporium tún wà, tí ọ̀pọ̀ oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì kò ràn. Ó lè sọ pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró di iṣẹ́ eléwu. Ní ti ìdènà, kò sẹ́ni tó lè sá fún afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹni tó ní àìsàn yìí jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ro ajílẹ̀ ewé jíjẹrà àti ibi tí wọ́n ti ń gbá ilé ẹṣin.