Bí ilé gíláàsì ṣe ti ọwọ́ ọba kúrò tó di náílọ̀n ẹ̀yìnkùlé wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tí ẹ kàn ń já ewédú lẹ́yìn ilé, ẹ ò lè mọ ohun tí ojú ẹni tó fẹ́ gbìn ín ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland, ń rí. A lè ti wọ oṣù karùn-ún kí òtútù ṣì pa ewé lóru, tó bá sì máa fi di oṣù kẹwàá ó ti tún padà dé, àárín méjèèjì yẹn lo ti máa gbìn tí wàá ti ká. Ìyẹn ni mo ṣe ra ilé náílọ̀n kékeré kan, páìpù tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, náílọ̀n funfun tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé lórí ẹ̀, polytunnel làwọn ará ibí ń pè é. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ wọ ibẹ̀ láàárọ̀, omi á máa kán sí mi lọ́rùn láti òkè, òórùn ilẹ̀ á kàn gba imú mi bíi pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóko. Ọ̀rẹ́ mi kan wá bi mí pé ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ronú irú nǹkan yìí, mo bá wá a lọ, àṣé ohun tí ọba kan fẹ́ máa jẹ ló fà á.

Tiberius lorúkọ ọba náà, òun ló ń ṣàkóso Róòmù láti ọdún 14 sí 37. Èso kan wà tó fẹ́ràn kọjá ààlà, wọ́n ń pè é ní kùkúmbà àmọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ewéko sọ pé ó jọ pé mọ̀lẹ́bí bàrà ni, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjọ́ tí wọn kì í gbé e síwájú ẹ̀. Òtútù ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà gbin èso yìí sórí ebè tó ní táyà lábẹ́, wọ́n á tì í jáde sínú oòrùn, bí òtútù bá dé wọ́n á tì í padà sábẹ́ férémù tí wọ́n fi òkúta kan bò. Gíláàsì pẹlẹbẹ ò tíì pọ̀ nígbà yẹn, òkúta tí èèyàn lè là sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìpele àlùbọ́sà tí ìmọ́lẹ̀ á sì gbà á kọjá ni wọ́n lò. Gbogbo títì síwá títì sẹ́yìn yẹn, nítorí ẹnu èèyàn kan o.

Àwọn ará Kòríà ló wá ṣe èyí tó wọ̀ mí lójú jù. Láàárín ọdún 1450 sí 1460 ni oníṣègùn ọba kan, Jeon Soon-ui, kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀: ẹ fi amọ̀ mọ ògiri sí ìhà mẹ́ta, ẹ dáná sábẹ́ ilẹ̀ ilé, ìhà gúúsù tí oòrùn ń kọjú sí, bébà tí ẹ ti fi òróró pa ni kẹ́ ẹ fi dí i. Ṣé ẹ rántí bébà tí alákàrà fi ń wé àkàrà, tó bá ti mu epo tán tí o lè máa rí ìka ẹ lódì kejì? Ohun kan náà nìyẹn. Ní ilẹ̀ Faransé ní tiwọn, ọba Louis Kẹrìnlá kọ́ ilé ńlá fún igi ọsàn ẹ̀ ní Versailles, inú àpótí onígi làwọn igi náà wà, ìgbà ooru wọ́n á gbé wọn síta, ìgbà òtútù wọ́n á kó wọn wọlé.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn ni Ìlú Ọba. Láti 1746 ni ìjọba ti ń gba owó orí lórí gíláàsì, bó bá ṣe wúwo tó ni owó ẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, torí náà bí o bá tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan lábẹ́ gíláàsì, tí o kì í bá ṣe olówó, gbàgbé ẹ̀. Ní tèmi o, owó orí yẹn ló dá ilé gíláàsì dúró sọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ní Chatsworth, ilé ńlá olóyè kan tó ń jẹ́ Duke of Devonshire, aláṣẹ ọgbà ẹ̀, Joseph Paxton, kọ́ ilé gíláàsì ràgàjì kan fún un, bọ́ílà mẹ́jọ ló ń jó èédú lábẹ́ ẹ̀ kí inú ilé lè gbóná. Ọdún 1849 ló mú òdòdó orí omi kan láti apá Amazon yọ òdòdó níbẹ̀, ewé ẹ̀ fẹ̀ débi pé ó gbé Annie ọmọ ẹ̀ obìnrin lé e lórí, ọmọ ọdún méje, ewé ò sì rì. Ó yí ewé náà dojú bolẹ̀, ó rí egungun tó gbé e ró, irú egungun bẹ́ẹ̀ ló ní òun wò ṣe Crystal Palace, ilé gíláàsì ńlá tí wọ́n ti ṣe àfihàn ọjà ní London ní 1851, tó gba gíláàsì bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn kì bá ti ṣeé ṣe ká ní wọn ò ti fagi lé owó orí yẹn ní 1845. Ti Chatsworth fúnra ẹ̀ ò rí ọjọ́ alẹ́ tó dáa, Ogun Àgbáyé Kìíní dé, èédú ò sí, àwọn igi inú ẹ̀ kú, ní 1920 wọ́n fi àdó olóró wó o.

Náílọ̀n ńkọ́? Èèṣì ni. Ní 1933, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì kan ní iléeṣẹ́ kẹ́míkà ICI ní Northwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Fawcett àti Gibson, ń fi agbára ńlá tẹ gáàsì pọ̀, ìgbà tí wọ́n ṣí i wọ́n bá nǹkan funfun bí àbẹ́là nísàlẹ̀ ẹ̀, òun ni wọ́n wá ń fi ṣe náílọ̀n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ara wáyà ẹ̀rọ rádà ni wọ́n ń fi í bò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Kentucky l'Amẹ́ríkà, Emery Emmert, kò lówó gíláàsì, ní 1948 ó na nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara bíi náílọ̀n sórí férémù igi, irú èyí tí wọ́n ń fi èròjà ara igi ṣe ló kọ́kọ́ lò, ẹ̀yìn ìyẹn ló bọ́ sí ti Northwich. Látibẹ̀ ló ti tàn dé ẹ̀yìnkùlé mi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé náílọ̀n ló ń mú ooru wá. Rárá o, oòrùn ló ń mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ mú afẹ́fẹ́ gbóná, náílọ̀n kàn ní kí afẹ́fẹ́ yẹn má lọ ni. Mo gbàgbé ti ilẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù karùn-ún, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ ewédú ti dúdú bí ewé tí wọ́n bọ̀ sómi gbígbóná, gbogbo ẹ̀ ló lọ, mo tún un gbìn. Ní báyìí igun kan ti ya, téèpù ni mo fi lẹ̀ ẹ́, ìjì tí wọ́n ló ń bọ̀ ní Jímọ̀ ni mò ń wò.