Àmù Orí Òkè: Bí Odò Santa Ṣe Ń Sanra Kó Tó Rù

Láti oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Kẹsàn-án, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní àfonífojì Callejón de Huaylas ní orílẹ̀-èdè Pérù. Síbẹ̀, Odò Santa tó la àfonífojì náà já kì í gbẹ. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú Huaraz àti Caraz kọjá, ó ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Cañón del Pato, ó sì ń dé etí Òkun Pàsífíìkì, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ aṣálẹ̀ pátápátá.

Orí òkè lomi ọ̀hún ti ń wá. Ní ìlà-oòrùn odò náà ni ọ̀wọ́ òkè tí wọ́n ń pè ní Cordillera Blanca wà, ìyẹn Òkè Funfun. Huascarán, tó ga jù nínú wọn, ga tó mítà 6,768. Ní ìwọ̀-oòrùn ni Cordillera Negra, Òkè Dúdú, tí kò ní omi dídì kankan lórí. Orúkọ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà tán: ọ̀pọ̀ odò kéékèèké tó ń ti ara Òkè Dúdú wá ló ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, àwọn ti Òkè Funfun ń ṣàn lọ ní tiwọn.

Ní irú òkè gíga bẹ́ẹ̀, ohun tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run kì í ṣe òjò bí kò ṣe yìnyín, fúláfúlá bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ti òní á bo ti àná mọ́lẹ̀, ìwúwo á tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fún jáde, títí tí yóò fi di omi dídì tó le gbagidi. Bó bá ti nípọn tó, ìwúwo ara rẹ̀ á máa fà á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí odò tí kò kánjú. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní gíláṣíà. Lórí rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ni yìnyín ti ń wọlé. Ní ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ni omi ti ń yọ́ jáde.

Oníṣòwò tó gbọ́n, èrè ló ń ná, kì í fọwọ́ kan ojú owó. Nígbà tí nǹkan bá wà bó ṣe yẹ, bí gíláṣíà ṣe ń ṣe nìyẹn: omi tó ń tú sílẹ̀ láàárín ọdún kò ju yìnyín tó gbà wọlé lọ. Ìwúlò rẹ̀ fún odò ni pé ó ń gba omi ìgbà òjò pamọ́, ó sì ń bù ú síta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àmù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Gbogbo òkè kọ́ ló ń lo irú àmù kan náà o. Ní Sierra Nevada ní Kalifóníà, yìnyín ìgbà òtútù fúnra rẹ̀ ni àmù: á dúró lórí òkè fún oṣù mélòó kan, á wá yọ́ nígbà tí ooru bá dé tí àwọn àgbẹ̀ sì ń wá omi. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2015, ìdá 5 péré nínú 100 ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọ́n rí. Ní Pérù, tó wà nítòsí agbedeméjì ayé, oòrùn ń ràn gan-an jálẹ̀ ọdún, nítorí náà yìnyín tó bá bọ́ síbi tí kò sí gíláṣíà kì í pẹ́ nílẹ̀. Gíláṣíà ni gbogbo ọrọ̀ wọn, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 irú gíláṣíà ilẹ̀ olóoru tó wà láyé ló sì wà lọ́wọ́ wọn.

Èéfín epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú tí aráyé ń sun ti mú ayé gbóná ju tàtijọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ooru kàn ń yọ́ omi dídì náà bí ẹni gbé bọ́tà sóòrùn ni. Ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó burú jù ni aṣọ tí ooru ń bọ́ lára gíláṣíà. Yìnyín tuntun ń dá ohun tó lé ní ìdá 80 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú ọ̀run. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ sí i, ohun tí ì bá bọ́ ní yìnyín á rọ̀ ní òjò. Aṣọ funfun náà kò ní sí lára rẹ̀ mọ́, omi dídì dídọ̀tí tó wà lábẹ́ á ṣíta, á sì máa fa oòrùn mu. Bó ṣe ń sún sẹ́yìn ni àpáta dúdú ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpáta yẹn náà ń gbóná, ó sì ń tan ooru sí i lára. Láti 1962 sí 2020, Pérù pàdánù ju ìdajì ilẹ̀ tí gíláṣíà rẹ̀ bò lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń tan ènìyàn jẹ nìyí. Nígbà tí gíláṣíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ojú owó, ohun tí ará ìsàlẹ̀ odò máa kọ́kọ́ rí kì í ṣe ọ̀dá. Omi ló máa pọ̀ sí i. Odò á sanra lẹ́ẹ̀rùn, ọdún á gorí ọdún, ẹni tí kò mọ̀ á ní Ọlọ́run ló ń bù kún wọn. Yóò pọ̀ títí dé góńgó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, gíláṣíà á ti kéré débi pé bó ti wù kí oòrùn le tó, ohun tó ṣẹ́ kù láti yọ́ kò tó nǹkan mọ́, odò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 yẹ odò mẹ́sàn-án tó ń ṣàn wọ inú Santa wò, ó sì jọ pé méje nínú wọn ti kọjá góńgó yẹn.

Omi Odò Santa yìí náà ni wọ́n torí ẹ̀ la odò àtọwọ́dá Chavimochic. Orúkọ náà kò ní ìtumọ̀ kan tó jinlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àfonífojì mẹ́rin ni wọ́n so pọ̀: Chao, Virú, Moche àti Chicama. Ó ń fa omi Santa lọ sínú aṣálẹ̀ etí òkun, ó sì sọ iyanrìn di oko àṣpárágọ́ọ̀sì, píà àti bùlúbẹ́rì tí wọ́n ń kó lọ tà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ìlú ńlá Trujillo náà ń mu nínú rẹ̀.

Ìjà kò sì jìnnà síbi tí omi bá ti ń dín kù. Lókè ìlú Caraz, adágún Parón wà lábẹ́ àkóso ilé iṣẹ́ kan tó ń fi omi rẹ̀ ṣe iná nígbà kan. Àwọn àgbẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀ kò bá àsìkò oko mu, adágún náà sì ń fà. Ní 2008, àwọn àgbẹ̀ náà gòkè lọ gba ìdarí rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọ̀hún.

Omi tó bá yọ́ náà kì í ṣàn lọ tán. Òmíràn ń ró sínú kòtò tí gíláṣíà fi sílẹ̀, kìkì òkúta àti yẹ̀pẹ̀ tó wọ́ jọ ló sì ń dá a dúró. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 1941, irú ògiri bẹ́ẹ̀ ya ní adágún Palcacocha, omi ya wọ Huaraz, ó sì pa ènìyàn tí kò dín ní 1,800. Láti 1974 sí 2009, omi inú adágún kan náà tún di ìlọ́po 34. Rọ́bà gbọọrọ ni wọ́n fi ń fà á sísàlẹ̀ báyìí, kó má bàa kún jù.

Omi sì lè wà kó má ṣe é mu. Àwọn àpáta tó ṣíta lára Òkè Funfun ní irin àti imí-ọjọ́ nínú. Bí afẹ́fẹ́ àti òjò bá ti kàn wọ́n, wọ́n á máa dípẹtà, omi tó bá gba ibẹ̀ kọjá á pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, á sì kan. Ní Canrey Chico, àwọn ará abúlé ń darí irú omi yìí gba inú àbàtà tí wọ́n gbin koríko etídò sí, kí ìdọ̀tí irin tó wà nínú rẹ̀ lè silẹ̀ síbẹ̀ kó tó dé oko.

Ọgbọ́n mìíràn ti wà ṣáájú àwọn Inca tó jọba ní Pérù láyé àtijọ́. Ní àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Lima, olú-ìlú Pérù, wọ́n ń la ojú àgbàrá tí wọ́n ń pè ní amuna: nígbà òjò, ó ń darí omi lọ síbi tí ilẹ̀ ti ń mu, omi náà á rìn lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, á wá yọ ní ìsun nísàlẹ̀ nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Wọ́n ń tún àwọn tó ti dí ṣe báyìí. Ṣùgbọ́n òjò ọdún yìí ni amuna ń tọ́jú de ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí. Bí òjò bá kùnà, kò ní ohun tí yóò bù síta. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ gan-an ni gíláṣíà máa ń yọ́ yìnyín tó ti bọ́ láyé àwọn baba ńlá sínú odò.