Kí Ló Dé Tí Páànù Kì Í Dúró Síbi Tí A Ṣẹ́ Ẹ Sí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹ̀rọ Ìṣẹ́tí Páànù

Wẹ́dà á fi tépù wọn páànù dáadáa, á fa ìlà sí i, á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn ṣẹ́ ẹ. Tó bá délé tí ilẹ̀kùn kò wọ férémù, ẹ̀rọ ló máa bá wí. "Ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Inú páànù fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, a kì í sì í sábà là á yé ọmọṣẹ́. Wọ́n á kàn ní kó máa "yọ díẹ̀ kúrò", láìsọ bí díẹ̀ náà ṣe tó tàbí ìdí tí a fi ń yọ ọ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lọ nìwọ̀nyí.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò rí i rí.

Ìdáhùn: Ẹ wo ẹni tó fẹ́ ká bébà kí ojú ibi tó ká a lè mú. Á fi rúlà tẹ bébà mọ́ tábìlì, á wá fi ọwọ́ kejì gbé etí tó yọ síta sókè. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe náà nìyẹn. Irin gbọọrọ kan wà nísàlẹ̀ tí páànù ń sùn lé; òun ni tábìlì. Òmíràn ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ tẹ páànù mọ́lẹ̀ gírígírí. Òun ni rúlà. Ìkẹta wà níwájú, ó so mọ́ ti ìsàlẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣe ń so mọ́ férémù, ó sì ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e. Bó bá ti ń dìde, etí páànù á máa bá a dìde. Bẹ́ńdìn máṣìn ni àwọn wẹ́dà wa ń pè é.

Irú kan wà tí irin òkè rẹ̀ kì í ṣe odindi. Wọ́n gé e sí eyín eyín, èèyàn sì lè yọ àwọn eyín kan kúrò. Ti àpótí nìyẹn. Ẹ rò ó wò: tí ẹ bá ti gbé ẹ̀gbẹ́ méjì àpótí dìde, irin odindi yóò gún àwọn ẹ̀gbẹ́ náà nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kẹta. Pẹ̀lú eléyín, eyín tó bá inú àpótí mu nìkan lẹ máa fi sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó ti dìde á sì rí àyè dúró sí.

Ìbéèrè: Kí la tiẹ̀ ń ṣẹ́ etí páànù fún? Ṣé ẹwà ni?

Ìdáhùn: Ẹwà ló gbẹ̀yìn. Ẹ di bébà kan mú létí kan, ẹ wò bó ṣe máa wó bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Ẹ wá ṣẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀, kí ẹ tún dì í mú. Á dúró. Bébà kan náà ni, ẹ ò fi nǹkan kan kún un. Tí nínípọn páànù bá di ìlọ́po 2, líle rẹ̀ sí títẹ̀ á di ìlọ́po 8. Etí tó dìde tó mìlímítà 20 wá dà bí ẹni pé páànù náà nípọn lójijì níbẹ̀, láìra páànù tó nípọn. Ìdí nìyẹn tí ara páànù òrùlé fi ga níbì kan tó sì rẹlẹ̀ níbì kejì, òun náà ni ẹnu garawa fi ká, tí wọ́n sì ń ká okùn irin mọ́ ọn nínú.

Èkejì ni ọwọ́ èèyàn. Etí páànù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé mú bí abẹ. Bí télọ̀ ṣe ń ṣẹ́tí aṣọ kó má bàa tú, bẹ́ẹ̀ la ń ṣẹ́tí páànù kó má bàa gé ọmọ ẹlòmíì lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ilẹ̀kùn tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 900. Mo fa ìlà sí 900 géérégé lórí páànù gééjì 18, wọ́n ṣẹ́ ẹ lórí ìlà, mo wọ̀n ọ́n, ó di 902. Níbo ni 2 yẹn ti wá?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

A máa ń ṣe bí ẹni pé páànù ò nípọn rárá. Ó nípọn. Gééjì 18 tó bíi mìlímítà 1.2. Bí nọ́ńbà gééjì bá ṣe ń ga ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i: gééjì 16 tó bíi 1.5, gééjì 20 kò pé 1. Ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ yín wò: awọ ẹ̀yìn rẹ̀ á le, awọ iwájú á sún jọ. Ohun tó ń ṣe páànù lójú ìṣẹ́ nìyẹn. Ojú tó wà níta ń nà, ojú tó wà nínú ń fún pọ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, ibì kan wà nínú ara irin náà tí kò nà tí kò sì fún, ibẹ̀ nìkan ni gígùn rẹ̀ dúró bó ṣe wà kí a tó ṣẹ́ ẹ. Nínú ìṣẹ́ tó mú, ibẹ̀ kì í bọ́ sí àárín gan-an. Ó máa ń sún mọ́ inú, bíi ìdá 4 nínú 10 tí ẹ bá ka nínípọn láti inú lọ sí ìta.

Tépù yín ń wọ̀n dé ṣóńṣó igun lóde. Irin kò dé ṣóńṣó yẹn. Ó gé kọ́nà bí ọlọ́kadà tó ń kánjú. Nínú páànù mìlímítà 1.2 tí yíyí inú ìṣẹ́ rẹ̀ (láti àárín yíyí náà dé ojú irin) jẹ́ 1.2 bíi nínípọn rẹ̀, tépù á ka mìlímítà 4.8 ní kọ́nà náà, 2.4 ní ẹ̀gbẹ́ kìíní, 2.4 ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Irin tó yí kọ́nà náà ní tòótọ́ kò ju bíi 2.6 lọ. 2.2 tó ṣẹ́ kù kò sọnù, ó lọ kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ojú ilẹ̀kùn yín ní ìṣẹ́ kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì gba ìdajì èrè ìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí 900 ṣe di 902 nìyẹn. Tí etí ilẹ̀kùn bá tún ní ìṣẹ́ kejì lápá méjèèjì, ìṣẹ́ 4 á sọ gbogbo páànù náà di bíi mìlímítà 9 ju èyí tí ẹ rò lọ.

Ìṣirò wà fún un, ó sì dára kéèyàn mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ohun tí mo máa ń ní kí ọmọṣẹ́ ṣe rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ mú àjákù páànù kan náà tí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ẹ gé e ní mìlímítà 100 géérégé, ẹ ṣẹ́ ẹ láàárín dé dígírì 90, ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìta, ẹ rò wọ́n pọ̀. Iye tó bá fi ju 100 lọ ni ẹ máa yọ fún ìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri, pẹ̀lú gééjì tí ẹ fi dán an wò. Tí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ míì, ẹ tún un ṣe, nítorí irin òkè tirẹ̀ lè mú ju ti àkọ́kọ́ tàbí kó yí jù ú lọ.

Ìbéèrè: Mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ dé 90. Bí mo ṣe tú páànù sílẹ̀, ó là padà. Ṣé irin máa ń rántí ni?

Ìdáhùn: Ó ń rántí díẹ̀. Ọlọ́fà fa ọrun, ó tú u sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ padà sípò, nítorí kò fà á kọjá ibi tí igi náà lè gbà. Ẹ̀rọ wa ń fa irin kọjá ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́ fi ń dúró. Àmọ́ ẹ rántí ibì kan tí mo ní kì í nà, kì í fún. Irin tó wà nítòsí ibẹ̀ kò tíì nà jìnnà, ọrun ṣì ni. Ojú ìta àti ojú inú tó ti gbà pátápátá náà ṣì ní ìwọ̀nba ọrun tiwọn. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, àwọn ọrun wọ̀nyí á fà á padà.

Páànù irin lásán sábà máa ń padà ní dígírì 1 sí 3. Síténlẹ́ẹ̀sì ń padà jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí agbára rẹ̀. Alumíníọ̀mù ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu, nítorí a mọ̀ ọ́n sí ohun tó rọ̀. Bẹ́ẹ̀, agbára kan náà tó bá na irin díẹ̀, á na alumíníọ̀mù tó bíi ìlọ́po 3, àyè tí ọrun rẹ̀ sì ní láti fi padà pọ̀ bẹ́ẹ̀. Alumíníọ̀mù òrùlé tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, tó nípọn ní mìlímítà 0.45 àti 0.55, wọ́n ti mú un le ní ilé iṣẹ́, ó sì fẹ́lẹ́. Tí inú ìṣẹ́ rẹ̀ bá tún yí gbàgẹ̀rẹ̀, kò ní í gbọ́ràn rárá. Ìṣẹ́ tó mú ń padà díẹ̀, èyí tó yí gbàgẹ̀rẹ̀ ń padà gan-an.

Alágbẹ̀dẹ kì í ní wàhálà yìí. Irin tó ti pọ́n nínú iná ti sọ agbára rẹ̀ nù, kò sí ohun tó máa fi fa ara rẹ̀ padà, ibi tí òòlù bá gbé e sí ló máa wà. Tútù ni àwa ń ṣẹ́ tiwa.

Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹ kọjá. Fún 90, ẹ gbé e dé 92 tàbí 93, kí ẹ fi sùkúwíà, irin onígun tí a fi ń wò bóyá igun pé 90, wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá tú u sílẹ̀, ẹ má wò ó nígbà tó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Tí ẹ bá ti rí ibi tó tọ́, ẹ fi irin kékeré kan dá ọwọ́ ẹ̀rọ dúró síbẹ̀, kí gbogbo ìyókù lè jọra. Tí páànù tuntun bá ti ṣọ́ọ̀bù míì dé, ẹ tún dán an wò, ì báà jẹ́ gééjì kan náà.

Ìbéèrè: Àwọn kan ń ya lójú ìṣẹ́, àwọn míì kì í ya, páànù kan náà sì ni. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ wo bí ẹ ṣe dojú wọn kọ. Àárín àwọn rólà ni páànù ń gbà kọjá ní ilé iṣẹ́, ara rẹ̀ sì ń nà sí apá kan bí igi ṣe ní okùn. Tí ẹ bá wò ó nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ máa ń rí àwọn ìlà fínńfínńfín. Ìṣẹ́ tó bá dábùú ìlà yẹn ń fara dà á. Èyí tó bá ìlà lọ ni ojú ìta rẹ̀ máa ń ya. Nígbà tí ẹ bá ń pín páànù láti gé ni kí ẹ ti rò ó.

Ìbéèrè: Tí páànù bá gùn, kí ló dé tí ìṣẹ́ àárín rẹ̀ fi ń là sílẹ̀ ju ti etí méjèèjì lọ?

Ìdáhùn: Nítorí irin ẹ̀rọ náà ń tẹ̀. Etí méjèèjì ni wọ́n ti dì í mú, àárín kò sí olùrànlọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀pá pẹ̀lú nọ́ọ̀tì lára irin iwájú. Tí ẹ bá fún nọ́ọ̀tì náà, àárín á yọrí síta díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi ẹ̀rọ yìí ṣẹ́tí páànù tó rí róbótó, bí ọmọrí ìkòkò?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀ tó ti ṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì tó rí róbótó. Bó bá ṣe ń ṣẹ́ ẹ sínú ni aṣọ ń ká jọ, nítorí etí rẹ̀ gùn ju ibi tí ó fẹ́ rán an mọ́ lọ. Ẹ mú páànù róbótó tó fẹ̀ ní mìlímítà 300. Etí rẹ̀ yíká jẹ́ 942. Ẹ fẹ́ ṣẹ́ mìlímítà 10 sókè yí i ká. Ibi ìṣẹ́ náà fẹ̀ ní 280, yíyíká rẹ̀ sì jẹ́ 880. Etí tó jẹ́ 942 gbọ́dọ̀ wá dúró lórí 880. Mìlímítà 62 ti irin gbọ́dọ̀ fún wọnú ara rẹ̀, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á ká jọ.

Télọ̀ lè ká tirẹ̀ jọ kó fi abẹ́rẹ́ rán an. Irin kì í gbà bẹ́ẹ̀ bọ̀rọ̀. Òòlù ni àwọn àgbà fi ń ṣe é, wọ́n á máa lù ú díẹ̀díẹ̀ yíká, wọn ò ní í dúró síbì kan. Ẹ̀rọ tó wà fún un ní rólà kéékèèké méjì tó ń fún etí páànù mú láàárín wọn. Ẹ máa yí ọwọ́ rẹ̀, ẹ máa gbé páànù sókè díẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ ní ìyípo kan ló máa rí etí tó ká jọ bí ewé tó gbẹ.

Ìbéèrè: Ṣé wẹ́dà lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bẹ́ńdìn kékeré?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é, ó sì máa ṣiṣẹ́ fún páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò gùn púpọ̀. Áńgù áyọ́ọ̀nù 3 tó nípọn, híńjì 2 tó lágbára, bóòtù láti fi fún irin òkè, ọwọ́ láti fi gbé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni híńjì. Wọ́n á jó o mọ́ abẹ́ áńgù, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ha páànù tí ìṣẹ́ kò sì mú. Àárín pín-ìn híńjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ṣóńṣó etí tí páànù ti ń ṣẹ́. Irin òkè pẹ̀lú gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn kúrò lórí ìlà yẹn, ó kéré tán níwọ̀nba nínípọn páànù, kí páànù lè rí àyè yí. Nítorí náà, ẹ fi ojú wẹ́dìn kékeré mú híńjì náà lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ṣẹ́ àjákù méjì mẹ́ta, ẹ fi sùkúwíà wò wọ́n, kí ẹ tó jó o pa.