Fáìlì kan náà, ẹ̀dà méjì: bẹ́ẹ ṣe máa mọ èyí tẹ́ẹ ń wò

Ẹni tó bá ń bá àwọn ọ́fíìsì tó ń lo Windows ṣiṣẹ́ á ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí dáadáa. Akáńtáńtì ní àtàárọ̀ lòun ti fi owó oṣù tuntun sínú fáìlì tó wà lórí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń kó fáìlì sí, ọ̀gá náà ṣí fáìlì yẹn lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ti oṣù tó kọjá ló rí, kálukú wá ń búra pé òun ò purọ́. Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ, fáìlì tí wọ́n ń wò ni kì í ṣe ọ̀kan.

Nǹkan kan wà nínú Windows tó ń jẹ́ Offline Files. Tẹ́nì kan bá ti tẹ fóldà sẹ́fà, tó sì mú "Always available offline", Windows á ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, inú C:\Windows\CSC ló ń kó o pa mọ́ sí. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹ̀ẹ́ ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ, tó bá padà dé á kó ohun tẹ́ẹ ṣe lọ bá sẹ́fà. Ó dáa gan-an fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ fóldà ò yí padà, Z: tẹ́ẹ ń ṣí lójoojúmọ́ náà ni, kò sóhun tó máa sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ò sí lórí sẹ́fà mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àfi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú pátápátá. Rárá o! Windows máa ń wo bó ṣe ń pẹ́ tó kí sẹ́fà tó dáhùn, láti Windows 8 wá, tó bá ti ju mílísẹ́kọ́ńdì (ms) 35 lọ (80 ni lórí Windows 7) ó lè rọra gbé fóldà yẹn kúrò lórí sẹ́fà kó wá máa fún yín ní ẹ̀dà inú láptọ́ọ̀pù, àtìgbàdégbà láá máa wá bá sẹ́fà ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ sì jókòó síbẹ̀ ẹ ń rò pé gbogbo ayé ń rí ohun tẹ́ẹ ń tẹ̀.

Torí náà ẹ tẹ fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ẹ wo ìsàlẹ̀ fèrèsé níbi tó kọ "Offline status" sí. Tó bá ní Online, ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Tó bá ní Offline, tó fi slow connection kún un, ìdí tí mo sọ yẹn ni. Tó bá jẹ́ working offline ló fi kún un, ẹnì kan ló tẹ bọ́tìnì "Work offline", ẹ tún un tẹ̀ kó kúrò. Fún ti slow connection, ẹ ṣí cmd, fèrèsé dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ẹ kọ ping -t pẹ̀lú orúkọ sẹ́fà yín kó lè máa sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí sẹ́fà tó dáhùn, kẹ́ẹ máa wo iwájú "time". Lórí wáyà, 1ms tàbí 2ms lẹ máa rí. Tó bá jẹ́ Wi-Fi tó ń gba ògiri méjì kọjá, ẹ lè rí 4, 9, kó ṣàdédé fò lọ sí 70, kó tún padà wálẹ̀. Fífò yẹn gan-an lẹ ń wá. Èèyàn lè lọ yí 35 yẹn padà nínú gpedit, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò Windows, níbi "Configure slow-link mode", àmọ́ èmi á kọ́kọ́ fa wáyà dé ìdí tábìlì akáńtáńtì ná.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí: ọ̀pọ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé cache, ìyẹn àwọn ẹ̀dà tó wà nínú láptọ́ọ̀pù, ló dàrú, FormatDatabase, àṣẹ tó ń nu cache, ni wọ́n máa ń sáré fi sínú registry, ibi tí Windows ń kọ ètò ara rẹ̀ sí, wọ́n á tan kọ̀ǹpútà padà, gbogbo cache á pa rẹ́. Iṣẹ́ tí ò tíì dé sẹ́fà ńkọ́? Ó bá a lọ nìyẹn, kò sì sí nínú Recycle Bin. Ẹ jọ̀ọ́, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí Desktop, ẹ fi déètì òní sórúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ lọ sí Sync Center nínú Control Panel, ẹ wo "View sync conflicts", tó bá ní fáìlì méjì ń bára wọn jà, ẹ ní kó tọ́jú méjèèjì, kẹ́ẹ wá ṣí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ẹ fojú ara yín wo èyí tó pé.

Fáìlì téèyàn méjì tàbí mẹ́ta ń kọ nǹkan sí, kò yẹ kó ní cache rárá, èrò tèmi nìyẹn. Orí sẹ́fà la ti ń pa á: Properties fóldà yẹn, Sharing, Advanced Sharing, Caching, kẹ́ẹ mú èyí tó ní kí fáìlì kankan má ṣe wà ní offline. Àmọ́ kí gbogbo láptọ́ọ̀pù ti kọ́kọ́ kó iṣẹ́ wọn dé sẹ́fà o. Fóldà ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbé láptọ́ọ̀pù kiri, ẹ fi tiẹ̀ sílẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ Windows Home lẹ ń lò, Offline Files ò sí níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a. Ẹ lọ wò ó bóyá ẹnì kan ló ti gbé fáìlì náà sórí Desktop tiẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ ṣí i.